Èwo la yí, èwo la wọ̀n? Ìtọ́sọ́nà fún àdánwò ìdàgbàsókè ohun ọ̀gbìn

Akẹ́kọ̀ọ́ á gbin àgbàdo sínú ike, á po ìgbẹ́ adìyẹ mọ́ erùpẹ̀, á máa fi rúlà wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì lọ dáadáa. Ìgbà tí wọ́n bá ní kó kọ independent variable àti dependent variable sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á di rúdurùdu. Á kọ "àgbàdo" sí ọ̀kan, á kọ "ìdàgbàsókè" sí èkejì. Kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àgbàdo kan náà ló wà nínú gbogbo ike, kò yí padà rárá. "Ìdàgbàsókè" ní tirẹ̀ kò ṣeé wọ̀n títí a ó fi sọ ohun tí a ń pè bẹ́ẹ̀: ṣé gíga ni, àbí iye ewé, àbí bó ṣe wúwo tó lẹ́yìn tó gbẹ?

Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì ló máa ń wà nínú ìwé ìdánwò, nítorí náà a ò ní sá fún wọn. Àmọ́ nígbà tí a bá ń ronú, Yorùbá rẹ̀ rọrùn ju bí wọ́n ṣe ń kọ́ni lọ. Independent variable ni ohun tí a yí. Dependent variable ni ohun tí a wọ̀n. Ẹ̀kẹta, tí wọ́n ń pè ní controlled variable, ni ohun tí a so mọ́lẹ̀, bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn: gbogbo ohun yòókù tí a kò jẹ́ kó yàtọ̀ láti ike kan sí èkejì. Ẹ̀kẹta yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í kà sí, òun ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù.

A ó kọ́kọ́ ṣe àdánwò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́yìn náà ni a ó wá tọ́ka sí ohun tí a yí àti ohun tí a wọ̀n nínú rẹ̀. Ó ṣòro láti dá wọn mọ̀ nínú àdánwò tí a kò tíì fojú rí.

Ohun èlò àti ìgbìn

Láti Kàbbà dé Ìsánlú títí dé Ẹ̀gbẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kogí, kò sí ibi tí àgbàdo àti ìgbẹ́ adìyẹ ti ṣòro rí, ìdí nìyí tí a fi mú un. Ẹ wá ike 12 tó bára mu, tàbí àpò nọ́sìrì dúdú tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ igi kajú. Ohun tó bá gba kílò erùpẹ̀ 2 ti tó. Ẹ fi ìṣó lu ihò márùn-ún sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ihò tó dín nínú ike kan túmọ̀ sí pé omi á dúró níbẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Ẹ gbẹ́ erùpẹ̀ láti ojú ilẹ̀ wọ inú tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, níbì kan ṣoṣo. Ẹ má lọ síbi àkìtàn, ẹ má sì gbẹ́ òkìtì ọ̀gán. Erùpẹ̀ àkìtàn ti lọ́ràá tẹ́lẹ̀: àgbàdo tí kò gba ìgbẹ́ rárá á tutù yọ̀yọ̀ bíi ti èyí tó gbà á, ẹ ó sì parí èrò sí pé ìgbẹ́ kò ṣe nǹkan kan. Ilẹ̀ oko tí wọ́n ti dá fún ọdún mélòó kan ló dára jù. Ẹ fọ́ ògúlùtu, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ pò ó láti abẹ́ dé òkè nígbà mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ẹ tó wọ̀n ọ́n sínú ike.

Ìgbẹ́ adìyẹ tí ẹ ó lò gbọ́dọ̀ ti jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, kó ti gbẹ, kí òórùn rẹ̀ má ta imú mọ́. Èyí tó bá ṣì ń ta imú ní amóníà nínú, á jó gbòǹgbò. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n báyìí:

Ike mẹ́ta: gíráàmù 0.
Ike mẹ́ta: gíráàmù 10.
Ike mẹ́ta: gíráàmù 20.
Ike mẹ́ta: gíráàmù 40.

Gíráàmù 10 nínú kílò erùpẹ̀ 2 bá nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 10 mu lórí hẹ́kítà kan, tí a bá ka erùpẹ̀ òkè hẹ́kítà kan sí mílíọ̀nù kílò méjì. Nítorí náà, kì í ṣe iye tí a kàn fà yọ. Tí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n tó lè ka gíráàmù, ẹ lo ṣíbí kan náà, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú: ṣíbí 0, 1, 2, 4. Ẹ kàn kọ "ṣíbí" sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n yín, ẹ má sì pè é ní gíráàmù.

Ẹ po ìgbẹ́ mọ́ gbogbo erùpẹ̀ inú ike, ẹ má kàn wọ́n ọn sójú. Ẹ po erùpẹ̀ inú ike tí kò gba ìgbẹ́ náà bákan náà. Èyí dà bí eré, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ tí a pò máa ń tú ju èyí tí a kò pò lọ, gbòǹgbò sì mọ ìyàtọ̀.

Ìgbà yìí ni ẹ ó ṣẹ́ ìbò. Ẹ kọ 1 dé 12 sára àwọn ibi tí àwọn ike máa jókòó sí, ẹ kọ nọ́ńbà kan náà sínú bébà kéékèèké, ẹ ká wọn, kí ọmọ kan máa fà á láti inú abọ́ fún ike kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá to gbogbo ike oní-40 sí ìlà kan lẹ́bàá ògiri, tó sì to ike òdo sí ìlà kejì nínú oòrùn gbangba, kò mọ̀ mọ́ bóyá ìgbẹ́ ló ṣiṣẹ́ tàbí òjìji.

Ẹ gbin hóró àgbàdo mẹ́ta láti inú àpò kan náà sínú ike kọ̀ọ̀kan, ní jíjìn sẹ̀ǹtímítà 3. Lọ́jọ́ kẹrin sí ìkeje, wọ́n á ti yọrí. Ní ọjọ́ kẹwàá, ẹ fa méjì tu, kí ẹ fi ọ̀kan tó ṣe déédéé sílẹ̀. Ẹ má fi èyí tó ga jù sílẹ̀ níbì kan kí ẹ wá fi èyí tó kúrú jù sílẹ̀ níbòmíràn.

Omi: ẹ rin gbogbo erùpẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ títí á fi jò láti ìdí. Lẹ́yìn náà, mílílítà 100 fún ike kọ̀ọ̀kan láràárọ̀. Síríǹjì oní-20 láti kẹ́míìsì, láìsí abẹ́rẹ́, á ṣe é ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Tàbí kí ẹ fi síríǹjì náà wọn 100 sínú ife kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi máàkì fa ìlà síbi tí omi dé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ má gbára lé omi inú ọ̀rá "píọ́ wọ́tà" pé 500 ló wà níbẹ̀ kí ẹ máa pín in sí márùn-ún. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.

Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀ lágbègbè wa, ẹ wo etí òrùlé dáadáa. Ike tó bá wà lábẹ́ ibi tí páànù ti ń ṣàn á gba omi ìlọ́po mélòó kan ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní ìgbà ọyẹ́, ìdàkejì ni: mílílítà 100 lè gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n. Tí ẹ bá máa fi kún un, ẹ fi kún ti gbogbo ike.

Ìwọ̀n gíga, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣìnà

Ọ̀pọ̀ rúlà ní àlàfo díẹ̀ kí òdo tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá gbé ìdí rúlà lé erùpẹ̀, ẹ ti pàdánù nǹkan bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà lórí gbogbo àgbàdo. Èyí kò burú púpọ̀ tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe gbogbo rẹ̀. Ibi tó ti burú ni kí ẹnìkan fi rúlà onígi tó ní àlàfo wọ̀n lọ́sẹ̀ kìíní, kí ẹlòmíràn fi téèpù wọ̀n lọ́sẹ̀ kejì.

Erùpẹ̀ pàápàá máa ń rì lẹ́yìn omi. Ẹ gún igi pẹlẹbẹ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gbìn lọ́jọ́ tó bá yọ, kí orí rẹ̀ bá ojú erùpẹ̀ dọ́gba. Láti orí igi yẹn ni ẹ ó ti máa wọ̀n, kì í ṣe láti ojú erùpẹ̀ tó ti lọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fẹnu kò sí ohun tí "gíga" jẹ́. Àbá wa ni pé kí ẹ fi ọwọ́ gbá gbogbo ewé jọ sókè jẹ́jẹ́, kí ẹ ka ibi tí ṣóńṣó ewé tó gùn jù dé. Àwọn kan máa ń wọ̀n dé ọrùn ewé tó ti là tán. Ìyẹn náà dára. Ẹ má kàn po méjèèjì pọ̀. Ẹ wọ̀n ní ọjọ́ 14, 21 àti 28, ní àárọ̀, kí ewé tó rọ nínú oòrùn.

Báwo la ṣe máa dá wọn mọ̀?

Ẹ ya tábìlì sínú ìwé lọ́jọ́ ìgbìn gan-an. Òpó kìíní: nọ́ńbà ike. Òpó kejì: iye ìgbẹ́. Òpó kẹta: gíga lọ́jọ́ 28. Ẹ wá kọ gbogbo ohun tí ẹ bá lè kọ sínú rẹ̀ kí hóró kan ṣoṣo tó hù.

Òpó ìgbẹ́ á kún lójú ẹsẹ̀: 0, 10, 20, 40. Kò sí ẹni tó ń dúró de àgbàdo kó tó mọ̀ ọ́n, torí ọwọ́ yín lẹ fi pín in. Ohun tí a yí nìyẹn. Òpó gíga á ṣófo gbáú. Ẹ kò lè kọ ohunkóhun síbẹ̀ títí ọ̀gbìn á fi fún yín lésì. Ohun tí a wọ̀n nìyẹn. Nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ni, èyí ló ṣòro láti ṣì lóye, nítorí kò bi yín léèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan.

Tí ẹ bá ṣì ń ṣiyè méjì, ẹ yí gbólóhùn náà padà. "Iye ìgbẹ́ lè mú kí gíga àgbàdo yàtọ̀." Ó bọ́gbọ́n mu. "Gíga àgbàdo lè mú kí iye ìgbẹ́ tí mo pò sínú ike lọ́jọ́ ìgbìn yàtọ̀." Kò bọ́gbọ́n mu rárá. Ohun tó bá lè ṣáájú ni independent.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀nà tí ẹ ó gbà sọ orúkọ rẹ̀. "Ìgbẹ́" nìkan kò tó. "Iye ìgbẹ́ adìyẹ tó gbẹ, ní gíráàmù fún ike kọ̀ọ̀kan" ló tọ́. Ẹ má sì kọ "ọ̀rá ilẹ̀" tàbí "náítírójìn". Ẹ kò fi ọwọ́ yín wọn náítírójìn. Ìgbẹ́ ni ẹ wọ̀n, ìgbẹ́ sì máa ń mú kí erùpẹ̀ di omi mú sí i, yàtọ̀ sí oúnjẹ tó ń fún ọ̀gbìn. Tí àgbàdo oní-20 bá ga ju ti òdo lọ, àdánwò yìí kò lè sọ èwo nínú méjèèjì ló fà á. Ó lè sọ pé ìgbẹ́ ni, ó parí síbẹ̀.

Bákan náà, 0, 10, 20 àti 40 kì í ṣe variable mẹ́rin. Ọ̀kan ṣoṣo ni, ní ìwọ̀n mẹ́rin. Ike òdo kì í ṣe ohun tí a so mọ́lẹ̀ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń pè é ní control. Ìwọ̀n kan lára ohun tí a yí ni. Orúkọ control àti controlled tó jọra ló ń da àwọn ọmọ láàmú, ẹ̀bi wọn kọ́.

Àwọn ohun tí a so mọ́lẹ̀ níbí: irú àgbàdo, iye erùpẹ̀ àti ibi tó ti wá, ike àti ihò rẹ̀, omi, jíjìn hóró, oòrùn, ọjọ́ tí a gbìn. Tí ìdánwò bá ní kí ẹ dárúkọ mẹ́ta, ẹ fi ìwọ̀n sí i: "omi mílílítà 100 lójúmọ́", kì í ṣe "omi" lásán.

Ọjọ́ ńkọ́?

Ọjọ́ 14, 21, 28: a lè kọ àwọn náà sílẹ̀ kí hóró tó hù. Ṣé independent ni wọ́n? Ìdáhùn dúró lórí ìbéèrè tí ẹ ń dáhùn. Tí ìbéèrè bá jẹ́ "kí ni ìgbẹ́ ṣe sí gíga?", iye ìgbẹ́ ni ohun tí a yí, ọjọ́ 28 sì jẹ́ ohun tí a so mọ́lẹ̀, nítorí ọjọ́ kan náà la wọn gbogbo ike. Lórí gráàfù, gíráàmù á wà nísàlẹ̀, gíga á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí ìbéèrè bá jẹ́ "báwo ni àgbàdo ṣe ń ga láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀?", ọjọ́ ló gba ìsàlẹ̀ gráàfù, òun ló sì dúró sí ipò independent. Tí ẹ bá fẹ́ méjèèjì pọ̀, ẹ fi ọjọ́ sísàlẹ̀ kí ẹ fa ìlà mẹ́rin, ìlà kan fún ìwọ̀n ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Gíga kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìgbà.

Nígbà tí nọ́ńbà kan bá ya wèrè

Ẹ jẹ́ ká ní gíga lọ́jọ́ 28 rí báyìí. Ike òdo: 41, 38, 44, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 41. Ike oní-20: 57, 60, 18, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 45. Ẹni tó bá wo ìpíndọ́gba nìkan á ní ìgbẹ́ fi sẹ̀ǹtímítà 4 péré kún un. Àmọ́ ẹ lọ wo ike tó ka 18 yẹn fúnra rẹ̀. Tí orí rẹ̀ bá ti já, tí etí ewé rí gbágungbàgun, tata tàbí ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Ohun tí a kò so mọ́lẹ̀ ló wọlé. Méjì tó kù jẹ́ 58.5. Ẹ kọ 18 sínú tábìlì, ẹ kọ "tata jẹ orí rẹ̀" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ pé ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Tí ẹ kò bá rí ìdí kankan, kò sí àyè láti yọ ọ́. Ìdí nìyí tí ike kan fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan kò fi tó, tí mẹ́ta fi jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, tí márùn-ún sì dára jù ú lọ.

Tí oní-40 bá wá kúrú ju oní-20 lọ ńkọ́, tí etí ewé rẹ̀ sì gbẹ bí ẹni fi iná rà á? Kì í ṣe àṣìṣe dandan. Iyọ̀ inú ìgbẹ́ tó pọ̀ jù lè dí gbòǹgbò lọ́wọ́ láti fa omi. Èsì gidi ni, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn àdánwò mìíràn, láti fi dán ara yín wò

Ẹ̀wà nínú òkùnkùn. Agolo mẹ́ta lójú fèrèsé, mẹ́ta nínú àpótí tí a dé, ọjọ́ mẹ́wàá. Ohun tí a yí ni ìmọ́lẹ̀ (ó wà, tàbí kò sí). Tí ẹ bá fi gíga nìkan ṣe ohun tí a wọ̀n, ti inú àpótí lè ga ju ti ojú fèrèsé lọ! Ẹ̀wà inú òkùnkùn máa ń na ọrùn wá ìmọ́lẹ̀, ó ń lo oúnjẹ tó wà nínú hóró rẹ̀, ara rẹ̀ á funfun, á tínrín bí okùn, á sì ṣubú nígbà tí oúnjẹ náà bá tán. Ohun tí a yí kò láṣìṣe, ohun tí a yàn láti wọ̀n ló tàn wá. Ẹ ka ewé, ẹ wo bí igi rẹ̀ ṣe nípọn tó, ẹ fà á tu kí ẹ sá a títí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní dín kù mọ́, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n.

Omi nínú àdánwò mẹ́ta. Nínú ti àgbàdo wa, omi jẹ́ ohun tí a so mọ́lẹ̀. Tí a bá fún ilá ní mílílítà 50, 100 àti 200 láti mọ èyí tó máa so jù, omi di ohun tí a yí. Tí a bá fi ọ̀rá bo ẹ̀ka kan nínú oòrùn, tí a sì wọn omi tó kán sínú ọ̀rá náà lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, omi di ohun tí a wọ̀n. Nítorí náà, ẹ má há a sórí pé "omi jẹ́ independent".

Ẹ̀bù iṣu. Wọ́n gbin ẹ̀bù gíráàmù 150, 300 àti 500, wọ́n sì wọn iṣu tí wọ́n wa nígbà ìkórè. Ìwúwo ẹ̀bù ni a yí. Ìwúwo iṣu ìkórè ni a wọ̀n. Ìwúwo ni méjèèjì o, gíráàmù tàbí kílò la fi ń ka méjèèjì, síbẹ̀ ọ̀kan wà lọ́jọ́ ìgbìn, ọ̀kan kò sí. Ohun tí àgbẹ̀ á kọ́kọ́ bi yín ni apá ibi tí ẹ ti gé e, nítorí ẹ̀bù orí iṣu máa ń tètè hù ju ti ìdí lọ. Tí gbogbo ẹ̀bù ńlá bá jẹ́ orí, tí kéékèèké jẹ́ ìdí, ẹ ti yí ohun méjì pọ̀.

Oko méjì. Àgbàdo oko Kàbbà ga ju ti oko Ẹ̀gbẹ́ lọ. Kí ni independent variable? Wọ́n á fẹ́ kí ẹ dáhùn "ìlú". Ṣùgbọ́n ilẹ̀, òjò, irú àgbàdo, ọjọ́ ìgbìn àti ọwọ́ tó ro oko, gbogbo wọn ló bá ìlú yàtọ̀ pọ̀, kò sì sí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ kọ "ibi tí a gbìn ín sí" tí wọ́n bá fi dandan mú yín, kí ẹ sì fi ìlà kan kún un pé àkíyèsí lèyí jẹ́, kì í ṣe àdánwò.